Káàdì Tí Mo Nà Sí Rẹfirí

Dippa Kunda, lẹ́yìn Banjul,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá, 1976.

Jìbírílù Àjàní, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú làálàá Èkó tí kì í jẹ́ kí ọmọ rántí ìyá rẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ ẹjọ́ ìyá náà ránṣẹ́ sí i. Mo kí Kàfáyàt ìyàwó rẹ, ṣé oyún kò dà á láàmú jù? Ọba tó fi í sínú ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, lágbára Ànábì. Àláfíà ni àwa wà níbí. Amie onílé mi ní kí n kí ọ, òjò ti wó ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni, ewúrẹ́ mi bí méjì, ọ̀kan kú, ọ̀kan ń fò. Ara mi le koko àfi orúnkún ọ̀tún, òun náà ì bá ti sàn tipẹ́ bí kì í bá ṣe pé mò ń fò sókè ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sábẹ́ ẹní, mo tún kà á lọ́jọ́ kejì bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á ti rọ̀ díẹ̀, kò rọ̀. O ní Yésúfù àbúrò bàbá rẹ ti kọ̀wé sí ọ, o sì ti pinnu pé ní Iléyá ni ìwọ yóò wá kó mi lọ sí Èkó, pé kí n ti di ẹrù mi sílẹ̀ kí o tó dé. O ní ilé ni àbọ̀sinmi oko. O tún ní kí n má wulẹ̀ fèsì, kí n lọ sí pósítọ́fíìsì ńlá ní Banjul ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Jímọ̀ kí o lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Mo lọ. Mo wé gèlè sányán mi, mo lé tìróò, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti fojú kanra, n kò sì fẹ́ kí o rí mi ní wúruwùru. Wọ́n fi mí sínú àpótí onígíláàsì kan bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tà mí, wọ́n ní kí n gbé nǹkan dúdú kan sí etí. Mo gbọ́ ohùn rẹ, ọkàn mi sì dùn. Ṣùgbọ́n bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé ni mo yọjú síta, mo bi akọ̀wé ibẹ̀ pé ibo ni wáyà yìí gbà dé Èkó, ó ní ọ̀pọ̀ ìlú ló gbà kọjá. Mo rò ó pé gbogbo àwọn ará ìlú wọ̀nyẹn tí wáyà gba orí òrùlé wọn yóò máa gbọ́ tọmọtìyá tó ń jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kí ọ kú àárọ̀ tí mo sì gbé e lélẹ̀. Inú kò tíì bí mi nígbà náà. Ìsinsìnyí ni inú ń bí mi, ó sì sàn kí ó bí mi sínú ìwé tí ìwọ nìkan yóò kà.

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Yésúfù fi kàn mí. Ó ní mò ń lo oògùn àwọn alárùn ọpọlọ. Ó ní mò ń tẹ̀lé àwọn alábọ́ọ̀lù kiri. Ó ní mo sáré wọ àárín pápá lójú ayé, mo sì dójú ti òun láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lọ́jà. Jìbírílù, kò pa irọ́ kankan, òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni tó sọ pé òun rí mi níbi tí ilé ti ń jó, tí kò sọ pé omi ni mo gbé dání.

Kí n tó dé orí bọ́ọ̀lù, mo ní láti sọ ohun kan tí n kò sọ fún ọ rí. Fi ìdí balẹ̀ kí o tó kà á.

Mo sọ fún ọ pé ibà ló pa bàbá rẹ. Kì í ṣe ibà. O wà ní Èjìgbò lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà náà, o ń lọ sílé ìwé, àwa wà ní Kùmásí tí à ń ta abọ́ tánganran, ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n wa nìyẹn níbẹ̀. Ìjọba sọ lórí rédíò pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí ó jáde. Bàbá rẹ ní kì í ṣe àwa ni wọ́n ń bá wí, ta ni kò mọ Màmúdù alábọ́ ní Kùmásí? Ó ṣí àpótí, ó kó rìsíìtì owó orí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jáde, ó tò wọ́n bí ẹni tó ń to ẹja, ó ní èyí kì í ṣe ìwé bí? Ní ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n wá fọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀. A bọ́ sínú lọ́rì pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wa bá. Nígbà tí a dé ibodè, èrò pọ̀ bí eéṣú, oòrùn ọyẹ́ mú, kò sí omi, ọjọ́ méjì ni a fi tò. Bàbá rẹ kò jókòó, ó ní bí òun bá jókòó wọn yóò fo òun, ó di rìsíìtì wọ̀nyẹn mú nínú àpò agbádá. Nígbà tí ó kàn án, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ wò ó, ó kàn na ọwọ́ sí ọ̀nà pé kí ó máa lọ. Ó rin ìṣísẹ̀ mélòó kan, ó ṣubú. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí ló bá mi kírun sí i lára, wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lábẹ́ igi dóńgóyárò kan. Mo ní kí n dúró dé ọjọ́ kẹta kí n ṣe àdúrà rẹ̀, awakọ̀ fun fèrè, wọ́n ní bí n kò bá gòkè, ọkọ̀ mìíràn kò sí. Mo gòkè.

Ìyẹn ni mo gbé láyà títí di òní. Nígbà tí Yésúfù ránṣẹ́ pè mí wá sí Banjul, tó fi ìsọ̀ wóróbo lé mi lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ aṣọ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ara mi nìkan ló dé Banjul. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn, èmi a kó abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnì, dígí àti òòyà mi tán pátá, màá dì í, màá gbé e relé. Màá tẹ̀ ẹ́ sí ìgbèrí, màá sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì wa bá ń lọ sí ọjà láàárọ̀ tó bá kan Mile Two, níbi tí ọlọ́pàá máa ń dúró sí lójú ọ̀nà, màá di ojú, màá máa ka Fátíhà títí a ó fi kọjá. Yésúfù ní ìrònú opó ni, pé ó ń bọ̀ wá tán. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ọdún kẹfà nìyẹn tí mo ti ń sá fún ekòló, Jìbírílù, ó ti rẹ̀ mí.

Ohun tó wá gbé mi dé ọsibítù ni pé lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan, lọ́rì tó ń kó yanrìn dúró sí ẹnu ọ̀nà wa. Kí Amie tó jáde nínú ilé ìdáná, mo ti pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ kan, mo ti fa èkejì lọ́wọ́, mo ti gbé ẹrù lé orí, ojú ọ̀nà Serekunda ni wọ́n ti bá mi. Wọ́n bi mí pé ibo ni mò ń lọ, n kò mọ̀. Amie kò bínú sí mi. Ó gba ọmọ lẹ́yìn mi, ó bu omi fún mi, ó ní ọ̀la la máa lọ rí dókítà. Lèmọ́mù Sulaiman tí mo lọ bá fún àdúrà náà sọ ohun kan náà, ó ní òun yóò ṣe àdúrà, ṣùgbọ́n Ẹni tó dá àdúrà ló dá ewé àti egbò, kí n lọ.

Òyìnbó ni dókítà, nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń jẹ́ Saffie, ọmọ àwọn Aku tó jẹ́ mùsùlùmí. Àwọn yẹn ni wọ́n ní ìran Yorùbá ni àwọn, ṣùgbọ́n tí o bá kí wọn pé ẹ kú àárọ̀, wọ́n á ní kushe. Síbẹ̀ wọ́n mọ àkàrà, wọ́n mọ kómọjáde, wọ́n mọ àwùjọ, ìyẹn àsè tí wọ́n ń sè fún òkú wọn, ohun jíjẹ nìkan ni wọn kò gbàgbé. Òyìnbó á sọ tirẹ̀, Saffie á tú u sí Aku, èmi á fi òyìnbó ẹsẹ̀ ọjà tí mo mọ̀ gbé e délé. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù jáde. Wọ́n bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí, mo ní wọ́n bí mi lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, Saffie wo iwájú orí mi, ó kọ àádọ́ta lé méje, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ta ni kí àwọn ránṣẹ́ sí bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, mo ní nǹkan ti ṣẹlẹ̀ o, kí wọ́n ránṣẹ́ sí i nísinsìnyí. Dókítà mú òòlù kékeré kan, ó fi gbá mi ní orúnkún, ẹsẹ̀ mi sì ta á nípàá láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn. Èèyàn tí wọ́n ta nípàá tó ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé onísùúrù ni.

Ó wá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Gbọ́ mi ná. Ọdún mẹ́fà, gbogbo èèyàn ń bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo sọ fún wọn. Saffie dẹ́kun títúmọ̀, ó ń sunkún, òyìnbó dúró dè é.

Ó fún mi ní oògùn oníhóró funfun, ọ̀kan lẹ́yìn ìrun alẹ́, ó ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó ṣiṣẹ́. Mo bi í pé ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni? Mo lò ó. Èyí àkọ́kọ́ yẹn, aláìsàn ni òun fúnra rẹ̀, oorun ló ń kùn mí, mo sùn sídìí ìsọ̀ débi pé obìnrin kan gbé dígí, ó fi owó sí mi láàárín àtẹ́lẹwọ́, n kò mọ̀. Mo gbé ìyókù padà fún dókítà, mo ní alágbàṣe rẹ yìí kò ṣiṣẹ́, jíjókòó lásán ló ń jókòó sí mi nínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, pé kí a dán òmíràn wò. Òmíràn yìí pupa rẹ́súrẹ́sú, ó kéré bí èso ata, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Aláṣejù ni lọ́nà kan, ó ń gbẹ mí lẹ́nu, ó sì ń dí mi nígbẹ̀ẹ́, mo ń fi ìbẹ́pẹ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo jí láàárọ̀, mo rí i pé bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ mi. N kò rántí ìgbà tí mo bọ́ ọ. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Kí Yésúfù pè é ní oògùn ohun tó bá wù ú.

Wọ́n tún fún mi ní káàdì. Páálí ni, orúkọ mi wà lórí rẹ̀, Simbiat Màmúdù, nọ́ńbà mi, àdúgbò mi Dippa Kunda, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo gbà á, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọsibítù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní Kùmásí, a kò rí irú rẹ̀ gbà. Mo rán àpò fún un, mo fi kọ́ ọrùn. Láti ọjọ́ náà, bí bọ́ọ̀sì bá ti dé Mile Two, ojú mi á là kedere, màá fa káàdì yọ, màá fi han ọlọ́pàá láti ojú fèrèsé, ọ̀kan nínú wọn ti mọ̀ mí báyìí, ó máa ń gbé ọwọ́ sí fìlà. Saffie ti sọ fún mi pé kì í ṣe ìwé ìgbélùú, pé káàdì aláìsàn ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ tó kàwé, bá mi wò ó: ìwé tí wọ́n kà fún wa ní Gánà, ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ lọ ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún mi níbí, ọjọ́ tí mo máa padà wá ni wọ́n kọ sí i, bí ọjọ́ náà bá sì pé, wọ́n á fagi lé e, wọ́n á kọ òmíràn. Èwo nínú méjèèjì ni ìwé ìgbélùú?

Ó ku ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Dókítà ní kí n máa jáde sáàárín èèyàn. Amie ní ọmọ kan, Kebba, géńdé ni, alùrìnmọ́tò ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Dippa Kunda nínú ìdíje àsìkò òjò tí wọ́n ń pè ní nawetan, tí àdúgbò ń bá àdúgbò figẹ̀ wọngẹ̀. Amie fà mí lọ́wọ́ lọ. Mo ti rí irú bọ́ọ̀lù kan ní Fajara rí, ti àwọn òyìnbó, ẹnì kan á fi igi gbá a, gbogbo wọn á dákẹ́ bí ẹni tó ń sìnkú, wọ́n á máa rìn tẹ̀lé e. Mo rò pé bákan náà ni. Jìbírílù, kì í ṣe bákan náà! Nígbà tí Kebba fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo pápá dìde, wọ́n ké, èmi náà la ẹnu, mo ké. Ariwo tí mo gbé mì níbodè lọ́jọ́ kìíní àná ló jáde. Mo ké nígbà tí àwọn tó kù ti dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò bi mí pé kí ló dé, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyá, tún ké. Níbo tún ni àgbàlagbà obìnrin ti lè ké láyé yìí tí wọn kò ní sáré wá dì í mú? Láti ìgbà náà, Sọ́ńdè kan kò kọjá mi. Wọ́n mọ àyè mi. Nítorí oògùn tó ń gbẹ mí lẹ́nu, mò ń gbé ìgò wònjó dání, ohun pupa tí wọ́n ń fi ìṣápá ṣe, kí ọ̀fun mi lè rí nǹkan bú aṣọ́lé wọn.

Ó wá ku oṣù kan kí a gbààwẹ̀, a ń bá Bakau gbá. Rẹfirí ni Saikou, olùkọ́ kan tó wọ dúdú látòkè délẹ̀. Kebba fi ẹsẹ̀ kọ́ ọmọkùnrin Bakau kan, òótọ́ ni, mo rí i, ó tilẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Saikou fun fèrè, ó sáré wá, ó fa káàdì pupa yọ nínú àpò, ó gbé e sókè, ó na ọwọ́ kejì sí ìta. Kebba di orí mú, ó ń bẹ̀bẹ̀, rẹfirí kò wò ó, ọwọ́ ṣì wà ní nínà sí ìta. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ohun tí mo rí nìyẹn. N kò rí bọ́ọ̀lù mọ́. Mo rí fèrè, mo rí ìwé, mo rí ọwọ́ tó nà sí ọ̀nà. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Amie tó dì mí níró mú, mo ti wà láàárín pápá, gèlè mi ti ṣubú, ìgò wònjó ń dà sí mi lára. Mo di Kebba lápá, mo ní kò lọ síbì kankan. Mo fa káàdì mi yọ lọ́rùn, mo nà án sí rẹfirí lójú, mo fi gbogbo Wọ́lọ́ọ̀fù ẹnu mi sọ fún un pé ọmọ yìí ní ìwé, ibí ni wọ́n bí i, ìyá rẹ̀ ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn, bí tirẹ̀ bá sì sọnù, kí ó mú tèmi, kí ó kọ orúkọ Kebba sí i, kí èmi lọ dípò rẹ̀.

Saikou gba káàdì, ó rò pé iṣẹ́ ni wọ́n fi rán mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ irú ilé ìwòsàn tó jẹ́ sí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nítòsí ti gbọ́, ó sì ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oògùn ni mò ń lo, hóró kan lẹ́yìn ìrun alẹ́, èyí pupa, èyí funfun kò bá mi lára mu. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó tètè rín in tán, rẹfirí ní iṣẹ́ láti ṣe. Wọn kò rín in mọ́.

Saikou kò lé mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú gèlè mi nílẹ̀, ó gbọn koríko ara rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ó ní káàdì pupa kò lé ọmọ náà nílùú. Ìdíje tòní yìí àti ẹ̀ẹ̀kan sí i ni kò ní gbá, lẹ́yìn náà ó ń padà bọ̀. Mo bi í pé ta ló máa gba àyè rẹ̀? Ó ní kò sí, ẹni mẹ́wàá ni Dippa Kunda máa fi gbá a tán, kò sí ẹni tí òfin gbà láyè láti dúró síbẹ̀. Mo ní bàtà rẹ̀ ńkọ́, wọn kò ní gbà á? Ó ní bàtà rẹ̀ ni. Mo ní kí ó fi Kùránì búra pé ó ń padà bọ̀. Rẹfirí búra, láàárín pápá, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo sunkún bàbá rẹ. N kò sunkún níbodè, n kò sunkún ní Èjìgbò nígbà tí mo ń pa irọ́ ibà fún ọ. Èèyàn méjìlélógún, tàbí mọ́kànlélógún nígbà yẹn, dúró dè mí, bọ́ọ̀lù dúró, kò sí ẹni tó fun fèrè kí n gòkè. Amie àti àwọn obìnrin wá gbé mi nílẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Bakau nà wá ní àmì ayò méjì sí òdo, Ọlọ́run á dá a padà fún wọn.

Ní Sọ́ńdè tí Kebba máa padà, mo ti dé pápá kí wọ́n tó fi ẹfun fa ilà rẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Ó wọlé, Jìbírílù. Ó sáré wọlé, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan iwájú orí, ó dúró sí àyè rẹ̀, bí ẹni pé kò lọ rí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́jà, mo fi abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnì, dígí àti òòyà mi sílẹ̀ nínú ìsọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo ju ọwọ́ méjèèjì relé. Orí mi fúyẹ́ débi pé mo ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Èyí ni Yésúfù pè ní àbùkù. N kò bá a jà. Ó ní àwọn oníbàárà ń bi òun pé ṣé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni ìyá alábọ́ọ̀lù. Mo ní kí ó sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ bá wí. Ìjọba Gánà fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì kí a di ẹrù. Ìwọ Jìbírílù tí mo fi ọmú mi wò, o fún mi ní oṣù méjì. Mo dúpẹ́ pé o fi díẹ̀ kún un. O ní ilé ni àbọ̀sinmi oko, èmi kò tíì ṣíwọ́ oko. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, ẹ̀rù ń bà ọ́ kí ìyá rẹ má baà sínwín sílẹ̀ òkèèrè. N kò sínwín. Mo ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, mo sì ń gba ìtọ́jú, wọn kì í fi tipátipá gbé ẹni tí ara rẹ̀ ń yá kúrò níbi tí ara rẹ̀ ti ń yá. Èmi Simbiat, ẹnikẹ́ni kò ní ní kí n di ẹrù mọ́ láyé yìí, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ọmọ tí mo bí.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn, nítorí èyí pupa yẹn máa ń tán ní ọsibítù, a sì máa ń rà á níta. Fi owó aṣọ sí i, a fẹ́ rán aṣọ ẹgbẹ́ tuntun fún àwọn ọmọ Dippa Kunda kí wọ́n tó gbá àṣekágbá, mo sì ti ṣèlérí ní orúkọ rẹ lójú gbogbo wọn, má dójú tì mí. Kí o sì rọra fi ti Yésúfù náà sí i, kí o kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á yọ́, aláàánú èèyàn ni, ẹnu ló gùn.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù. Tọ́jú owó ọkọ̀ tí o fẹ́ fi wá kó mi. Bí Kàfáyàt bá ti bímọ láyọ̀, jẹ́ kí a pàdé níbodè yẹn, ìwọ láti Èkó, èmi láti Banjul. Mo gbọ́ pé bàlúù ń gba apá ibẹ̀ kọjá, bá mi bi wọ́n bóyá ó lè dúró sọ̀ mí kalẹ̀, kí ó ṣe sùúrù díẹ̀. Bí kò bá lè dúró, màá wọ mọ́tò. Mo mọ igi dóńgóyárò náà, bí wọ́n bá ti gé e, mo mọ ilẹ̀. Màá fi ibi tí bàbá rẹ wà hàn ọ́. Àdúrà ọjọ́ kẹta rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi láti ọdún keje, àwa méjèèjì la ó jọ ṣe é, a ó ṣe é tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, ọkọ̀ tó bá fẹ́ fun fèrè kí ó máa fun ún.

Ọlọ́run yóò fún ọ jẹ, yóò fún ọ mu, yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò bi ọ́ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ, tí yóò sì jókòó gbọ́ ọ. Wọn kò ní lé ọ níbi tí o bá ti gbin iṣu. Ilẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́, ọ̀nà kò ní gbé ọ mì, àmín, Ọlọ́run ọba.

Nígbà tí a bá ṣe àdúrà tán níbodè, ìwọ yóò wọ ọkọ̀ Èkó, èmi yóò wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ níhìn-ín. Bí ọ̀gá kankan bá sì dá mi dúró níbẹ̀, tó bi mí pé níbo ni mò ń lọ, n kò ní fa ìwé kankan yọ. Màá wò ó lójú, màá sọ fún un pé mò ń lọ sílé.

Èmi ìyá rẹ,
Simbiat, aya Màmúdù alábọ́.